Ìgbálẹ̀ àti Àkàbà Ni Mo Fi Jẹun ní Mẹ́rílàńdì

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí, ìtìjú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe ní Amẹ́ríkà, màá ní mo wà nídìí ìtọ́jú ilé, màá sì yára béèrè àwọn ọmọ onítọ̀hún kó má baà bi mí síwájú sí i. Ní báyìí, ẹni tó bá ṣèèṣì jókòó tì mí ní mọ́ṣáláṣí ló máa gbọ́ nípa asẹ́ hítà àti ewé inú gọ́tà. Ìyàwó mi ní kí n máa ṣàánú àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wo iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, tẹ́ ò tíì mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú, ẹ̀yin ni mo tìtorí yín kọ èyí, ẹ sì ní láti fara dà á.

Mùfútáù lorúkọ mi. Akọ̀wé ni mí ní Ìbàdàn, mo máa ń so táì lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó mi, Ṣìfáwù, ló ṣáájú mi dé Mẹ́rílàńdì. Ilé ìkàwé kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń to àwọn ìwé tí wọ́n bá dá padà sórí pẹpẹ. Èmi dé bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, a sì ń gbé fúláàtì kékeré kan nítòsí New Carrollton, níbi tá a ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ ojú irin láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá iṣẹ́ ọ́fíìsì títí, mi ò rí. Bí mo ṣe wá ríṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ṣìfáwù bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, obìnrin náà ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Alhaja Wòsílátù lobìnrin náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú ilé onílé ní Bowie. Jálẹ̀ ọdún ló ń níṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ìgbà òtútù gan-an niṣẹ́ rẹ̀ máa ń gbóná. Bí ewé bá ti ń já lára igi báyìí, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti máa pè é. Ó máa ń fọ ilé látòkè délẹ̀ kí wọ́n tó ti fèrèsé pa fún odidi oṣù mẹ́rin. Ó máa ń kó ewé kúrò nínú gọ́tà etí òrùlé, ó máa ń pààrọ̀ asẹ́ tó ń gba eruku nínú hítà, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ó máa ń ti omi tó ń lọ síta pa kó má baà dì sínú páìpù. Tí yìnyín bá sì bọ́, òun náà ló ń kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà àwọn àgbàlagbà tí ò lágbára mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo wọ ṣòkòtò tí mo lọ̀ dáadáa, mo so táì. Alhaja wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ṣé kóòtù lò ń lọ ni?"

"Rárá, Alhaja. Ẹ ní kí n wá ṣiṣẹ́ ni."

"Tú nǹkan ọrùn ẹ yẹn. Bọ́ bàtà ẹ. Na ọwọ́ ẹ kí n rí èékánná ẹ."

Mo na ọwọ́ bí ọmọ iléèwé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n lọ gé e. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti bí ọmọ méjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Aṣọ ìnuǹkan nìkan ló kó fún mi: aláwọ̀ búlúù fún fèrèsé, aláwọ̀ ìyeyè fún ilé ìdáná, pupa fún ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì fi aṣọ pupa nu tábìlì ìdáná oníbàárà kan. Alhaja ò pariwo. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó ní kí n jókòó. Ó wá fọ tábìlì náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èmi sì ń wò ó. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Ohun tó le jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni igi ìṣáná. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé kan, á ti lọ fi igi ìṣáná mẹ́ta pa mọ́ síbi tó wù ú. Tí mo bá ní mo ti parí, á na ọwọ́ sí mi. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá pé, mo máa tún ilé náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹyọ kan péré ni mo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀kan tó kù wà lókè fíríìjì, èkejì wà lábẹ́ etí kápẹ́ẹ̀tì. Mo tún ilé náà ṣe, mo ń kùn sínú. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo lọ bá a pẹ̀lú igi ìṣáná mẹ́rin.

"Mẹ́ta ni mo fi síbẹ̀," ló wí.

"Mẹ́rin ni mo rí, Alhaja. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ òkè."

Ó gba ìkẹrin yẹn, ó yí i wò. Ó rántí pé láti ìgbà ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi ló ti wà níbẹ̀, tí òun náà sì ti nu ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá láì rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lọ́jọ́ kejì ló gbé ẹ̀rọ tó ń fa eruku lé mi lọ́wọ́.

Bá a ṣe ń tọ́jú ilé lásìkò òtútù, díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ ọ. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà, tó bá sì dé ilẹ̀ onígi, á sọ ọ́ di funfun, á sì jẹ ẹ́. Nítorí náà ìbọ̀sẹ̀ là ń wọ̀ nínú ilé, bàtà ò kọjá ẹnu ọ̀nà. Tí òtútù bá le gan-an, a máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ ibi ìfọwọ́ sílẹ̀ kí ooru ilé lè dé ara páìpù. Nínú yàrá abẹ́ ilé tí wọ́n ń pè ní bésímẹ́ńtì, Alhaja á ní kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, kí n di ojú mi, kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Tó bá ń mí bí ẹni tí imú rẹ̀ dí, asẹ́ rẹ̀ ti kún nìyẹn.

Àkàbà ni mo bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́ tí mo gun òkè lọ kó ewé inú gọ́tà. Alhaja di àkàbà náà mú nísàlẹ̀, ó ní, "Mùfú, kí lo máa ń jẹ lọ́sàn-án nígbà tó o wà lọ́fíìsì?"

Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní ẹ̀wà ni, pẹ̀lú dòdò, láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní òdìkejì ọ̀nà.

"Ata rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń dín in dáadáa?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí obìnrin náà ṣe ń dín ata títí á fi dúdú, bí epo rẹ̀ ṣe máa ń léfòó, bí ọ̀gá wa pàápàá ṣe ń tò síbẹ̀. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà, mo ti kó gbogbo gọ́tà náà tán, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi dákẹ́ gbígbọ̀n.

Ayọ̀ wà nínú iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìyà nìkan kún yín létí. Ààrín òtútù ni ààwẹ̀ bọ́ sí fún bí ọdún mélòó kan nígbà yẹn. Ọjọ́ kúrú, oòrùn á ti wọ̀ nígbà tí aago márùn-ún bá kọjá díẹ̀. Èmi àti Alhaja á jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, a ó jẹ dábínù, a ó mu ògì gbígbóná láti inú fúláàsì, ooru ògì náà á sì bo gbogbo gíláàsì ọkọ̀ débi pé a ò ní rí ìta mọ́. Mi ò tíì mu ògì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́dún 1996, yìnyín kan bọ́ tó bo gbogbo agbègbè wa mọ́lẹ̀. Èmi àti Ṣìfáwù mú ṣọ́bìrì, a lọ hú ọkọ̀ wa jáde níwájú fúláàtì. A gbẹ́, a gbẹ́, ó ti ń lọ bíi wákàtí kan nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yọ, la bá rí i pé aláwọ̀ ewé ni. Ọkọ̀ tiwa funfun. Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà ti ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tíì ife méjì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa tọkàntọkàn, ó wá mú ṣọ́bìrì tirẹ̀, ó sì bá wa wá ọkọ̀ wa.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àjálù tèmi dé.

Oníbàárà kan wà ní Bowie, Mísìsì Bẹ́nẹ́tì, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Jọ́jíà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí ọwọ́ mi. Alhaja ní kí n ti omi ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilé náà pa kí òtútù tó le. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń tì í wà nínú bésímẹ́ńtì, lẹ́yìn àwọn àpótí bébà kan. Mo ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù tán lọ́jọ́ náà. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, oòrùn ń wọ̀, mo wo àwọn àpótí tí mo ní láti gbé kúrò, mo ní màá ṣe é lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, ilé ẹlòmíì ni mo wà, mo sì gbàgbé pátápátá.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ṣílẹ̀kùn ilé náà, mo sì gbọ́ ìró bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú ilé. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ sí bésímẹ́ńtì. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó ń tú jáde láti inú ògiri, àwọn àpótí bébà yẹn sì ti rì sínú rẹ̀. Mo ti omi gbogbo ilé pa, mo fi fóònù ilé náà pe Alhaja.

Ó dé, ó wo ibẹ̀ yí ká. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Ṣé o ti omi ẹ̀yìn ilé pa bí mo ṣe wí?"

"Mi ò tì í, Alhaja. Mo ní màá ṣe é lọ́jọ́ kejì, mo sì gbàgbé."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pe obìnrin náà."

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ohun tó o sọ fún mi tán báyìí."

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún yín. Kí fóònù náà tó lọ, irọ́ kan ti dúró sẹ́nu mi. Páìpù ilé náà ti gbó lóòótọ́. Tí mo bá ní òun ló bẹ́ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n Alhaja jókòó níwájú mi, ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kó lè wọnú omi. Mo sọ òótọ́.

Mísìsì Bẹ́nẹ́tì ò béèrè ògiri, kò béèrè kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Àwọn àpótí wo ló wà nílẹ̀?"

Mo ní àwọn tí wọ́n kọ "Àwọn Ọmọ Mi" sí lára.

Ó ní lẹ́tà táwọn ọmọ tóun kọ́ ní iléèwé kọ sóun ni, láti ọjọ́ tóun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Ó ní, "Má ju ẹyọ kan nù kí n tó dé." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ṣìfáwù ìyàwó mi ló yọ wá. Mo pè é nílé ìkàwé, ó ní kí a má gbìyànjú láti sá gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí bébà tútù á hùkasì kó tó gbẹ. Omi ti wọ ilé ìkàwé wọn rí, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó àwọn ìwé náà sínú fírísà kí wọ́n dì, wọ́n wá ń mú wọn jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gbẹ wọ́n.

Fírísà ńlá kan ṣoṣo tá a mọ̀ wà nílé Alhaja, ẹran ewúrẹ́ tó fẹ́ fi gba gbogbo ààwẹ̀ àti ọdún ló sì kún inú rẹ̀. Ó ṣí i, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹran jáde. Ó ń pe àwọn ará mọ́ṣáláṣí lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá gba ẹran.

Mo ní, "Alhaja, gbogbo ẹ̀?"

Ó ní, "Mo lè tún ẹran rà. Ta ló máa bá mi kọ lẹ́tà ìyá yẹn padà?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ilé mẹ́jọ ló fi ẹran ewúrẹ́ ṣínu láì rò tẹ́lẹ̀. Ibi táwọn tó wá gba ẹran ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ń padà wá ràn wá lọ́wọ́. Pálọ̀ Alhaja di ibi ìsáǹkan. A ta okùn láti ògiri dé ògiri, a fi péègì ìsáṣọ sá lẹ́tà sórí ẹ̀, Ṣìfáwù ń kọ́ wa bí a ó ṣe fi ọ̀bẹ ike ya bébà kúrò lára ara wọn kó má fà ya. Bó ṣe rí nìyẹn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

A ò lè ṣe é ká má kà á. Lẹ́tà kan wà tí ọmọdé kan fi pẹ́ńsù kọ gàdàgbà-gàdàgbà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni mo fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú dúrọ́ọ̀ yín." Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Alhaja yọ káàdì ìgbéyàwó kan jáde láti inú ìdì mìíràn. Orúkọ kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ti dàgbà, ó fẹ́ gbéyàwó, ó ń pe tíṣà rẹ̀ wá síbẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ káàdì náà pé, "Èmi ni mo fi ọ̀pọ̀lọ́ yẹn síbẹ̀." Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fáwọn tó wà níbẹ̀, gbogbo pálọ̀ dàrú. Alhaja ní kí a gbé omi wá fóun, ó wá rántí pé òun ń gbààwẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Mísìsì Bẹ́nẹ́tì dé, a kó àwọn lẹ́tà náà lọ bá a nínú àpótí tuntun. Méjìlá ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo kó wọn sínú àpòòwé lọ́tọ̀, mo fi sókè pátápátá kó lè kọ́kọ́ rí wọn. Ó wo àpòòwé yẹn, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ka lẹ́tà kan, ó ka òmíràn, ó wá dé orí káàdì ìgbéyàwó náà.

"Ṣé ẹ ka èyí?"

"A kà á, mà. Ẹ má bínú."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nu. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi. "Mo ti dárí jì ẹ́, mo sì dúpẹ́ pé o sọ òótọ́ fún mi. Àmọ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi."

Mo fún un. Èmi fúnra mi ni mo wá kun ògiri bésímẹ́ńtì náà nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún mi láràárọ̀, tó ń tì í tí mo bá ń lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ iṣẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, mi ò ní jáde títí màá fi fàlà sí gbogbo ẹ̀. Nígbà tí ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, fóònù wa dún. Mísìsì Bẹ́nẹ́tì ni. Ó ní, "Òtútù ń bọ̀. Ta ló fẹ́ ti omi ẹ̀yìn ilé mi?" Nígbà tí mo débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, ó sì ti fi okùn pupa sí i. Mo ti omi náà pa kí n tó bọ́ kóòtù ọrùn mi.

Ohun èlò iṣẹ́ yí padà níṣojú mi. Bípà, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé nọ́ńbà ẹni tó ń wá mi jáde, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá dún, mo máa wá fóònù ẹ̀gbẹ́ títì kiri nínú òtútù. Fóònù alágbèéká wá gbà mí. Hítà tí à ń fọwọ́ yí di èyí tó ní nọ́ńbà, tó ń tan ara rẹ̀, tó ń pa ara rẹ̀. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ìfàeruku tí wọ́n ń gbé pọ̀n sẹ́yìn, Alhaja yí mi ká lẹ́ẹ̀méjì.

"Ọkọ̀ òfúrufú wo lo fẹ́ bẹ́ jáde nínú ẹ̀?"

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, mo bá a níbi tó ti gbé e pọ̀n, tó ń fa àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹ̀, tó ń kọrin.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, Alhaja ní ó tó, òun fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́. Ó mú mi kiri gbogbo ilé oníbàárà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: "Ó mọ iṣẹ́." Kò fi nǹkan kan kún un. Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ sí pápákọ̀ òfúrufú, ó fi ìka nu iwájú inú ọkọ̀ mi, ó wo ìka náà, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. Mo mọ̀ pé ó ti yìn mí nìyẹn.

Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, títí orúnkún mi fi kọ àkàbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́, mi ò ní ẹ wá ṣe tèmi. Ẹ wá ọ̀gá tí ojú rẹ̀ ń ríran, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó rí yín.

Òtútù àkọ́kọ́ tó dé lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo jí láàárọ̀, mo kírun, mo wọ bùútù, mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú kí n tó rántí pé kò síbi tí mò ń lọ. Ṣìfáwù wà nídìí tíì rẹ̀, ó ń wò mí.

"Baba Kúdí, níbo?"

Mo ní mo fẹ́ wo ojú ọjọ́ ni. Mo lọ sójú fèrèsé ilé ìdáná wa, àmọ́ mi ò rí ìta dáadáa. Mo fi ìka nù ún. Ìka mi dúdú.

Mo ní, "Ṣìfáwù, fèrèsé yìí dọ̀tí o."

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. Ó ní, "Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń retí kí olùtọ́jú ilé ráàyè tèmi."

Mo bọ́ bùútù. Mo lọ mú aṣọ búlúù.